Ẹlẹ́rìí Mẹ́wàá, Ẹnu Kan

Ní òru tí ilẹ̀ fi mọ́ sí ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ ọdún 2014, fóònù kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà sùn. Àrùn Ebola ti wọ Èkó láti oṣù keje, jìnnìjìnnì sì ti bo gbogbo èèyàn. Ìkìlọ̀ tí ó ń lọ láti ọ̀dọ̀ ẹbí dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ ni pé kí oníkálukú fi omi iyọ̀ wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ó sì mu nínú rẹ̀, pé ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, àrùn náà kò ní ràn án. Ká ní ẹ̀gbọ́n pè láti Ìbàdàn, àna pè láti Òkìtìpupa, ọmọ ìjọ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, ará ilé kejì tún wá kanlẹ̀kùn. Nígbà tí aago márùn-ún yóò fi lù, ẹlẹ́rìí ti ń lọ sí mẹ́wàá, kò sì sí ẹyọ kan nínú wọn tí yóò mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ fún ẹni tó fẹ́ràn. Síbẹ̀ omi iyọ̀ kò dí Ebola lọ́nà rí. Ìròyìn tó tẹ̀ lé e ni pé iyọ̀ náà gbé àwọn kan dé ilé ìwòsàn, ó sì gbẹ̀mí àwọn mìíràn, nítorí iyọ̀ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kì í bá ara ṣeré. Ìbéèrè orí yìí kò ju èyí lọ: báwo ni èèyàn mẹ́wàá tí orí wọn pé, tí kò sí òpùrọ́ nínú wọn, ṣe lè fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀?

Kíkà ni a ó fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn mẹ́wàá yẹn kò rí nǹkan kan. Wọ́n gbọ́ ni. Ẹni tí wọ́n ti ẹnu rẹ̀ gbọ́ náà, ó gbọ́ ni. Bí èèyàn mẹ́wàá láti ìlú Àjàgbà ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ bá ru ìkòkò lọ sí odò kan ṣoṣo, tí a tọ́ omi tí wọ́n pọn wò, tí adùn rẹ̀ sì jẹ́ bákan náà, ta ni yóò sọ pé òun ti tọ́ omi mẹ́wàá wò? Odò kan náà ni. Ìkòkò ló pọ̀. Ohun tó ń tan wá jẹ ni pé etí wa ń ka ìkòkò, kò mọ bí a ṣe ń ka odò. Nígbà tí ẹnì kẹrin bá pè wá, a kì í bi í léèrè ibi tó ti pọn tirẹ̀. A kàn ń fi í kún àwọn mẹ́ta ìṣáájú.

Èyí tó tún yani lẹ́nu ni pé ìwà ọgbọ́n ló ń fa àṣìṣe yìí. Ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lè ṣiyèméjì. Ẹnì kejì náà ṣiyèméjì, ṣùgbọ́n ó rí i pé ẹni àkọ́kọ́ ti wẹ̀. Nígbà tí yóò fi kan ẹnì kẹta, ó ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé: “Iyèméjì tèmi nìkan nìyí, àwọn méjì sì ti ṣe é, bóyá wọ́n mọ ohun tí èmi kò mọ̀.” Ó gbé iyèméjì tirẹ̀ mì, òun náà wẹ̀, ó sì di ẹ̀rí fún ẹnì kẹrin. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ipa ọ̀nà ṣe ń là nínú oko: ẹnì kan tẹ koríko, ẹnì kejì rí koríko tó ti tẹ̀, ó gba ibẹ̀, títí ọ̀nà fi mọ́lẹ̀ kedere lọ sí ibi tí kò sí nǹkan kan. Ní ọdún 1992, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé mẹ́ta, Bikhchandani, Hirshleifer àti Welch, ṣàlàyé bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀. A lè pè é ní ẹsẹ̀-tẹ̀lé-ẹsẹ̀. Kókó rẹ̀ ni pé iyèméjì ẹni tí kò bá sọ̀rọ̀ kò sí nínú ìṣirò ẹnikẹ́ni. Èèyàn mẹ́wàá lè wà níbẹ̀ tí gbogbo wọn ń ṣiyèméjì, kí ó sì dà bí ẹni pé gbogbo wọn ló dá lójú. Àwọn tó ni WhatsApp náà mọ èyí, nítorí ní oṣù kìíní ọdún 2019 wọ́n dín iye ibi tí èèyàn lè tari ọ̀rọ̀ kan sí lẹ́ẹ̀kan náà kù sí márùn-ún. Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún 2020, ọ̀rọ̀ tó bá ti ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ púpọ̀ kò lè ju ibì kan lọ mọ́.

Ẹsẹ̀-tẹ̀lé-ẹsẹ̀ yára dé, ó sì yára lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tán, tí minísítà ètò ìlera sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ju iyọ̀ sílẹ̀. Èyí tó ń pẹ́ nílẹ̀ yàtọ̀, ìyàtọ̀ náà sì ṣe pàtàkì. Onímọ̀ èrò orí kan, C. Thi Nguyen, pín in sí méjì nínú iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde ní ọdún 2020. Àkọ́kọ́ ni ilé tí kò ní fèrèsé: àwọn tó wà nínú rẹ̀ kò tíì gbọ́ ohun tí ará ìta ń sọ. Bí a bá lu fèrèsé fún wọn, ọ̀rọ̀ bùṣe. Èkejì ni mo ń pè ní ilé gbohùngbohùn. Ọmọdé tó bá kígbe sí ara àpáta máa ń rò pé ọmọ mìíràn ló ń dá òun lóhùn, kò mọ̀ pé ohùn ara òun ló ń padà bọ̀. Fèrèsé wà nílé gbohùngbohùn, ó tilẹ̀ ṣí sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́ àwọn ará ilé pé ẹnikẹ́ni tó bá ti ìta sọ̀rọ̀, wọ́n ti fún un lówó, tàbí kò nígbàgbọ́, tàbí kò fẹ́ràn wa. Nígbà tí ará ìta bá wá sọ̀rọ̀ lóòótọ́, wọn á ní: “Ẹ ò rí i? Ṣebí a ti sọ pé wọ́n á wí bẹ́ẹ̀.” Àtakò ti di oúnjẹ. Bí ẹ̀rí tó lòdì ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ilé náà ń lágbára sí i.

Ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, rí ọ̀ràn kan tó fi bí èyí ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn. Ní àárín oṣù kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè, tí òun àti Àjàgbà jọ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kan náà, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú ikú tí kò yé ẹnikẹ́ni. Orí fífọ́ ni yóò kọ́kọ́ dé, ojú á ṣú, ẹni náà kò ní ríran mọ́, yóò dákú, ọ̀pọ̀ kì í sì í lo ọjọ́ kan kí wọ́n tó kú. Àwọn tó kú ti tó bí 18 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Àlàyé mẹ́ta ló dìde. Nínú ìlú, wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ kan já wọ ojúbọ Molókun, òrìṣà ló sì ń bínú. Lókè òkun àti nínú ìwé ìròyìn, ohun tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ ni àrùn tuntun kan, nítorí Ebola kò tíì kúrò ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí àyẹ̀wò kò rí kòkòrò àrùn kankan, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ oògùn apakoríko. Olúkúlùkù ní ìdí tó fi gba tirẹ̀ gbọ́. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì rí bẹ́ẹ̀.

Ògógóró ni. Ògógóró tí mẹ́táńọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀. Ó yẹ ká dúró díẹ̀ níbí, nítorí ọ̀nà tí májèlé yìí gbà ń ṣiṣẹ́ wà lára ìdí tí kò fi sí ẹni tó tètè fura sí i. Ọtí tó ń pa èèyàn bí ọtí ni ẹ́táńọ́ọ̀lù. Mẹ́táńọ́ọ̀lù jẹ́ àbúrò rẹ̀ tó jọ ọ́ bí ìbejì, ó mọ́ gaara bíi tirẹ̀, òórùn wọn sún mọ́ra. Mẹ́táńọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń pani. Ẹ̀dọ̀ ló ń gbìyànjú láti fọ́ ọ túútúú kó lè jáde, ohun tí ó sì ń sọ ọ́ dà níkẹyìn ni ásíìdì kan tó wà nínú oró èèrà. Ásíìdì yìí kì í jẹ́ kí ara lè lo atẹ́gùn tí à ń mí sínú, iṣan tó so ojú pọ̀ mọ́ ọpọlọ sì wà lára ohun tó kọ́kọ́ ń jìyà. Ìdí nìyí tí ojú fi ń ṣú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ yìí ń gba àkókò, wákàtí méjìlá tàbí ọjọ́ kan gbáko. Bí ọtí gidi bá sì wà nínú rẹ̀, yóò pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹ̀gbọ́n ni ẹ̀dọ̀ máa ń dá lóhùn kí ó tó kan àbúrò. Ẹni tó mu tọ́ọ̀tì méjì ní ìrọ̀lẹ́ lè sùn kó jí, kó lọ sóko, kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ta ni yóò nawọ́ sí ọtí àná, ọtí tí bàbá mu, tí bàbá bàbá mu?

Ọ̀nà wà tí àwọn olùrà gbà ń dán ògógóró wò. Wọ́n á mi ìgò kí wọ́n lè wo bí ìléròó rẹ̀ ṣe ń pẹ́ sí, tàbí kí wọ́n dà á díẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n ṣáná sí i. Bó bá jó, ojúlówó ni. Bí kò bá jó, wọ́n ti fi omi lú u. Ìdánwò tó dára ni fún ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá omi wà nínú ọtí. Ṣùgbọ́n mẹ́táńọ́ọ̀lù náà ń jó, iná rẹ̀ sì jọ ti ọtí gidi. Iná náà kò parọ́. Wọn kò bi í ní ìbéèrè tó lè dáhùn ni. Ìdánwò tí yóò sọ “bẹ́ẹ̀ ni” bí ọtí bá dára, tí yóò sì sọ “bẹ́ẹ̀ ni” bí ikú bá wà nínú rẹ̀, kò tíì dán nǹkan kan wò. Irú ìdánwò yìí ni ilé gbohùngbohùn kún fún. Bí ẹni tó já wọ ojúbọ bá kú, òrìṣà ló pa á. Bí ẹni tí kò débẹ̀ bá kú, ó ní láti jẹ́ pé ẹbí ẹni tó débẹ̀ ni. Kò sí òkú tó lè tako àlàyé náà. Mi ò sọ èyí láti fi òrìṣà ṣẹ̀sín. Àwọn tó ń retí àrùn tuntun náà lè fi gbogbo ibà bọ́ ẹ̀rù wọn. Ohun tó ya àwọn oníṣègùn sọ́tọ̀ kò ju pé wọ́n gbà kí àyẹ̀wò lè sọ fún wọn pé rárá. Ó sì sọ bẹ́ẹ̀ nípa kòkòrò àrùn, ó sọ bẹ́ẹ̀ nípa oògùn apakoríko tí àwọn fúnra wọn dá lábàá, títí wọ́n fi dé ìdí ọtí.

Kò wọ́pọ̀ kí èèyàn fúnra rẹ̀ wá ohun tí yóò sọ fún un pé rárá. Ní ọdún 1960, Peter Wason ní Lọ́ńdọ̀nù fún àwọn èèyàn ní nọ́ńbà mẹ́ta, 2, 4 àti 6, ó ní òfin kan ló tò wọ́n, kí wọ́n mú nọ́ńbà mẹ́ta mẹ́ta mìíràn wá kí òun máa sọ bóyá ó bá òfin náà mu, títí wọ́n á fi mọ òfin náà. Ọ̀pọ̀ ti gbà lọ́kàn pé méjì méjì ni wọ́n fi ń gùn. Wọ́n mú 8, 10, 12 wá: ó bá a mu. Wọ́n mú 20, 22, 24 wá: ó bá a mu. Wọ́n fi ìdánilójú sọ òfin wọn, wọn kò sì gbà á. Òfin náà ni pé kí nọ́ńbà kan ṣáà ti ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá mú 1, 2, 9 wá, tó jẹ́ ohun tí kò bá èrò rẹ̀ mu, ìyẹn ni yóò kọ́ nǹkan. A lè pe ìwà yìí ní àṣàgbọ́: a ń ṣa ohun tí yóò sọ ohun tí a ti mọ̀ fún wa gbọ́. Kò sí ìwé kíkà tó ń wò ó sàn; ọ̀mọ̀wé kàn mọ bí a ṣe ń ṣàṣàgbọ́ pẹ̀lú àwíjàre tó dán jù ni.

Bí a bá wá kó àwọn tó ń ṣàṣàgbọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan náà jọ, nǹkan mìíràn á ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni kí a fi wé. Bí ẹnì kan bá fara tì sí ọ̀tún, ọkọ̀ á yẹ̀ díẹ̀; bí gbogbo èrò bá fara tì síbẹ̀, kì í ṣe pé yóò yẹ̀ bákan náà, yóò dojú dé ni. Ní ọdún 2005, àwọn olùwádìí kó àwọn ará Boulder, tí wọ́n fẹ́ràn àyípadà, jọ sọ́tọ̀, wọ́n kó àwọn ará Colorado Springs, tí wọ́n fẹ́ràn bí nǹkan ṣe wà, jọ sọ́tọ̀, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní kí wọ́n jíròrò lórí ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Kí ìjíròrò tó bẹ̀rẹ̀, àwọn kan wà láàárín nínú ìhà méjèèjì. Nígbà tó parí, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti lọ sí ìpẹ̀kun ìhà tirẹ̀, àwọn ti àárín sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹ jẹ́ ká pe èyí ní àjọtì. Kò sí ìtàn tuntun tí ẹnikẹ́ni sọ fún wọn láti ìta; oníkálukú kàn mú ìdí kan wá, ìdí gbogbo sì ń tì sí ibì kan náà.

Agbára ẹni kan tó yàtọ̀ wá hàn nínú iṣẹ́ Solomon Asch láàárín ọdún 1950 sí 1959. Ó fi ìlà tí a fà sórí ìwé han àwùjọ, ó ní kí wọ́n sọ èyí tó gùn bákan náà pẹ̀lú èkejì. Iṣẹ́ ọmọdé ni, àmọ́ ó ti bá gbogbo wọn sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n ṣì í, àfi ẹnì kan. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìdáhùn ẹni yìí ló tẹ̀ lé àṣìṣe àwọn yòókù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ kò fọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan ṣoṣo bá yà kúrò lára èrò, ẹ̀rù náà á fò lọ, àní bí ẹni tó yà náà bá ṣì í ní ọ̀nà tirẹ̀. Alátakò kò ní láti tọ̀nà kí ó tó wúlò.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù nípa alátakò ni ti Henry Whitehead. Láti ìparí oṣù kẹjọ ọdún 1854, kọ́lẹ́rà pa ohun tó lé ní 600 èèyàn ní àdúgbò Broad Street ní Lọ́ńdọ̀nù. Dókítà John Snow ní omi ẹ̀rọ àdúgbò náà ló fà á. Àwọn aláṣẹ ní afẹ́fẹ́ rírùn ni. Whitehead, àlùfáà kékeré tó ń bẹ àwọn ará ibẹ̀ wò nílé, mọ àdúgbò náà bí ẹni mọ ilé bàbá rẹ̀. Ó gbà pé Snow ti ṣìnà, ó sì jáde láti fi hàn bẹ́ẹ̀. Ó ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń padà sí ilé kan náà nígbà mẹ́rin, nígbà márùn-ún, ó ń bi wọ́n ẹni tó mu nínú omi náà àti ẹni tí kò mu. Ìwé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tako òun fúnra rẹ̀. Nígbẹ̀yìn, òun ló rí ohun tí Snow kò rí: ọmọ ọwọ́ kan ní ilé 40, tí ìyá rẹ̀ ń da omi aṣọ ìgbẹ́ rẹ̀ sí kòtò tí kò jìnnà sí kànga náà. Bí Snow bá rán ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ náà ì bá ti tẹ́ ẹ lọ́rùn ní ìbẹ̀wò àkọ́kọ́.

Wọ́n lè ní: ṣé kí a wá máa tẹ́tí sí òpùrọ́ ni? Ayé ò tó nǹkan, èèyàn kò lè gbọ́ ẹjọ́ gbogbo aláròká kó tó jẹun. Òótọ́ ni, mi ò sì sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà tó ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà, kò ní kí a gbọ́ ẹjọ́ gbogbo ọjà. Ẹnì kejì tí ọ̀rọ̀ kàn ni wọ́n ń wí. Ẹni tó yẹ kí a wá ni ẹni tó mọ ọ̀ràn náà dáadáa, tó sì rò ó lọ́nà mìíràn. Àwọn mìíràn ní kí a yan ẹnì kan kó máa tako wá, bí ìjọ Kátólíìkì ṣe yan òṣìṣẹ́ kan ní ọdún 1587 láti máa jiyàn lòdì sí sísọ èèyàn di ẹni mímọ́. Ìyẹn dára díẹ̀, ṣùgbọ́n Charlan Nemeth ti fi hàn pé alátakò tí a yàn kì í mú kí àwùjọ ronú tó alátakò tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dá a lójú. Eré ni, gbogbo wọn sì mọ̀ pé eré ni.

Àtakò tó le jù ni èyí: gbígbọ́ ọ̀rọ̀ alátakò lè mú kí ọkàn le sí i. Ní ọdún 2018, Chris Bail àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde: wọ́n sanwó fún àwọn ará Amẹ́ríkà láti máa ka ọ̀rọ̀ ìhà kejì lórí Twitter fún oṣù kan. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Republican le sí i dípò kí wọ́n rọ̀. Mo gbà. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi ya ilé tí kò ní fèrèsé sọ́tọ̀ kúrò lára ilé gbohùngbohùn: a kì í fi ariwo ṣílẹ̀kùn ilé tí wọ́n ti kọ́ pé ariwo ìta jẹ́ ti ọ̀tá. Ẹ wo Kano. Ní ọdún 2003, wọ́n dá àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dúró níbẹ̀, wọ́n ní ó ń sọ ọmọbìnrin di àgàn. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n ìfura náà kò jábọ́ láti ọ̀run. Ní ọdún 1996 ni ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọ Kano, àwọn kan kú, ẹjọ́ rẹ̀ sì pẹ́ ní kóòtù. Gbogbo ìwàásù láti Abuja àti Geneva kò ràn án. Ohun tó yí i padà ní ọdún 2004 ni pé wọ́n lọ mú àjẹsára láti Indonesia, orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí tí àwọn aṣíwájú Kano lè fọkàn tán. Ẹ̀rí kan náà ni. Odò tí wọ́n ti pọn ọ́n ló yàtọ̀.

Ó ku ẹnì kan ní ọ̀ràn Òde-Ìrèlè tí ó yẹ ká gbọ́ tẹnu rẹ̀: ẹni tó ń pọn ògógóró. Nígbà tí ikú ògógóró tún ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Rivers, NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, fòfin de títà á ní oṣù kẹfà ọdún 2015. Ní ti ẹni tó ń pọn ọ́n, ìbéèrè wà níbẹ̀ tí òfin kò dáhùn: ògùrọ̀ náà ni, dúrọ́ọ̀mù náà ni, páìpù tó ń gba inú omi tútù kọjá náà ni, kí ló dé tó jẹ́ ọdún yìí ló ń pani? Ìbéèrè tó lágbára ni. Mẹ́táńọ́ọ̀lù tó ń ti inú ògùrọ̀ jáde kéré. Èyí tó ń pa èèyàn rẹpẹtẹ sábà máa ń jẹ́ ti ilé iṣẹ́, tí ẹnì kan dà pọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó ń dáná sábẹ́ dúrọ́ọ̀mù nìkan ló mọ iye kẹ́ẹ̀gì tó jáde lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ kan àti ẹni tó kó o lọ. Bí kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n tà lójú pópó bá wá ju èyí tí wọ́n rà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ, kí ni wọ́n fi kún un?